Ìtàn Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò Ìgbaniwọlé nínú Ẹ̀kọ́ Sáíkọ́lọ́jì ní Amẹ́ríkà

Sáíkọ́lọ́jì ni ẹ̀kọ́ tó ń wádìí bí ọkàn ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́ àti ohun tó ń mú kí ènìyàn hùwà bó ti ń hùwà. Nígbà tí Wilhelm Wundt dá yàrá ìwádìí rẹ̀ sílẹ̀ ní Yunifásítì Leipzig ní Jámánì ní ọdún 1879, ọ̀dọ̀ ọ̀gá gan-an ni ẹni tó bá fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ yìí ń tọ̀ lọ. James McKeen Cattell, ọmọ Amẹ́ríkà tó gboyè níbẹ̀ ní 1886, àti G. Stanley Hall, tó ti ṣe ìwádìí ní Leipzig kó tó di ààrẹ àkọ́kọ́ Yunifásítì Clark, wà lára àwọn tó mọ àṣà náà dáadáa. Lẹ́tà tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ, ẹ̀rí tí olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́ jẹ́ nípa rẹ̀ àti ojú tí ọ̀gá fi wò ó ló ń sọ bóyá yóò wọlé.

Ewu wà nínú kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, àmọ́ nígbà mìíràn ẹnì kan náà ló ń ṣí ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ ti tì pa. Ní Yunifásítì Harvard, ọ̀jọ̀gbọ́n William James gba Mary Whiton Calkins láàyè láti jókòó nínú kíláàsì rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn aláṣẹ kò gbà kí obìnrin forúkọ sílẹ̀. Calkins ṣe gbogbo iṣẹ́ tó yẹ, ó yege nínú ìdánwò oyè ọ̀mọ̀wé ní 1895, àwọn olùkọ́ tó dán an wò sì jẹ́rìí sí i, síbẹ̀ Harvard kọ̀ láti fún un lóyè nítorí pé obìnrin ni, ìwà àìṣòdodo tí kò ní àwíjàre kankan. Ní 1905, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di ààrẹ Ẹgbẹ́ Àwọn Onímọ̀ Sáíkọ́lọ́jì Amẹ́ríkà. Bákan náà ni Francis Cecil Sumner, Adúláwọ̀ tí wọ́n bí ní ìpínlẹ̀ Arkansas, ṣe kọ lẹ́tà sí Hall láti tọrọ àyè ní Clark. Hall gbà á, ó sì di Adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gboyè ọ̀mọ̀wé nínú sáíkọ́lọ́jì ní Amẹ́ríkà ní 1920. Ní Yunifásítì Howard, níbi tí Sumner ti wá darí ẹ̀ka sáíkọ́lọ́jì, ó kọ́ Kenneth Clark àti Mamie Phipps; ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sì tọ́ka sí iṣẹ́ Kenneth Clark ní 1954 nígbà tó fòfin de yíya àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sọ́tọ̀ nítorí àwọ̀.

Ogun Àgbáyé Kejì ló yí ètò ìgbaniwọlé yìí padà. Ọ̀pọ̀ sójà ti ojú ogun dé pẹ̀lú ìdààmú ọkàn, àwọn olùtọ́jú kò sì tó, nítorí náà ni àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn sójà àtijọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ ètò ńlá kan ní 1946 láti dá àwọn onísáíkọ́lọ́jì ìtọ́jú lẹ́kọ̀ọ́, ìyẹn àwọn tó ń fi ìdánwò àti ìbánisọ̀rọ̀ ran ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú lọ́wọ́. Ìpàdé àwọn onímọ̀ náà tó wáyé ní ìlú Boulder ní 1949 pinnu pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ olùwádìí àti olùtọ́jú pa pọ̀. Ó wá di dandan láti mọ ẹni tó yẹ, ó sì jọ pé kò sí ọ̀nà tó dára ju kí a pe ẹni tó ń wá àyè jókòó kí a sì bá a sọ̀rọ̀.

Níhìn-ín ni àwọn onímọ̀ náà ti ṣe ohun tó yẹ kí a yìn wọ́n fún: wọ́n yẹ ọ̀nà ìgbaniwọlé tiwọn fúnra wọn wò. E. Lowell Kelly àti Donald Fiske ní Yunifásítì Michigan fi oríṣiríṣi ìdánwò àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò yẹ àwọn tó ń wọ ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àjọ àwọn sójà àtijọ́ náà wò, wọ́n sì tẹ̀ lé wọn láti mọ bí wọ́n ti ṣe sí lẹ́yìn náà. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1951 fi hàn pé ohun tí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fi kún èyí tí ìwé ẹ̀rí àti ìdánwò orí ìwé ti sọ kéré gan-an. Paul Meehl, onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì mìíràn, kó irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ jọ sínú ìwé ní 1954. Robyn Dawes sì fi hàn ní 1971, nínú àyẹ̀wò tó ṣe ní Yunifásítì Oregon, pé ìṣirò tó kàn ro máàkì, èsì GRE (ìdánwò ìwọlé sí ẹ̀kọ́ oyè gíga) àti ipò ilé-ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ti wá pọ̀ mọ́ra sọ bí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti ṣe sí ju ìdájọ́ ìgbìmọ̀ ìgbaniwọlé lọ.

Ó yani lẹ́nu pé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kò parẹ́ lẹ́yìn gbogbo èyí. Ìdí rẹ̀ ni pé àṣà Leipzig kò kú: nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò bá ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sí ìṣirò tó lè sọ bóyá àwọn méjèèjì yóò gbọ́ra wọn yé. Ìdí nìyí tí ìmúrasílẹ̀ tó péye fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fi ń bẹ̀rẹ̀ láti orí kíka ìwádìí ọ̀jọ̀gbọ́n náà àti mímọ ohun tí ẹni tó ń wá àyè fúnra rẹ̀ fẹ́ bi ọ̀jọ̀gbọ́n náà, kì í ṣe láti orí híhá ìdáhùn sórí. Àtúnṣe tó mọ́gbọ́n wá jù lọ ni kí a bi gbogbo ẹni tó ń wá àyè ní ìbéèrè kan náà, kí a sì fi òṣùwọ̀n kan náà wọn ìdáhùn wọn, nítorí pé ìtàkurọ̀sọ lásán máa ń gbe ẹni tó jọ olùfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lẹ́yìn.

Àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà ti ọdún 2020 kó púpọ̀ nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò yìí sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì gba àwọn tó wà lọ́nà jíjìn lọ́wọ́ owó ọkọ̀ òfuurufú àti wàhálà físà. Kí àwọn yunifásítì má ṣe dá ẹrù yẹn padà sí èjìká akẹ́kọ̀ọ́.