Àǹfààní Ìwádìí fún Àwùjọ: Láti Tehran dé Ifẹ̀, Láti Ifẹ̀ dé Tchaourou

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń wá owó ìrànwọ́ fún iṣẹ́ ìwádìí mọ̀ pé ìbéèrè kan wà tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀: kí ni àwọn ará ìlú yóò rí gbà nínú iṣẹ́ náà? Fún àwọn tí ń ṣiṣẹ́ mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà, ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí a ti ń béèrè rẹ̀, ìtàn rẹ̀ sì ní ẹ̀kọ́ nínú fún ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìwádìí lórí Yorùbá-Nàgó ní agbègbè Tchaourou.

Ìlérí ti Tehran

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1965, àwọn mínísítà ètò ẹ̀kọ́ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pàdé ní Tehran, lábẹ́ àṣẹ UNESCO. Wọ́n fẹnu kò pé ẹ̀kọ́ ìwé fún àgbàlagbà gbọ́dọ̀ so mọ́ iṣẹ́ oòjọ́ wọn. Láti inú ìpàdé yìí ni ètò àdánwò àgbáyé fún mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà ti jáde. Láti ọdún 1967 títí di ọdún 1973 ni a fi ṣe é ní orílẹ̀-èdè 11, tí Mali, Guinea, Ethiopia àti Tanzania wà lára wọn. Ìlérí ètò náà tóbi: bí àgbẹ̀ bá mọ̀wé, irè oko rẹ̀ yóò pọ̀ sí i, ọrọ̀ ìlú yóò sì gbèrú. Ní Mali, a so ẹ̀kọ́ náà mọ́ oko ẹ̀pà àti oko òwú.

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Nígbà tí àyẹ̀wò iṣẹ́ náà jáde ní ọdún 1976, àwọn tí ó dá a sílẹ̀ fúnra wọn gbà pé ojú tí a fi wo ọ̀rọ̀ náà ti kéré jù. A ti ka akẹ́kọ̀ọ́ sí irinṣẹ́ ọrọ̀ ajé ju bí a ti kà á sí ènìyàn lọ. Ìṣirò tí a kó jọ ní ibì kan kò sì ṣeé fi wé ti ibòmíràn dáadáa. Àgbẹ̀ lè mọ̀wé kí òjò má rọ̀; ó lè mọ̀wé kí iye owó òwú wálẹ̀. Ìwé nìkan kò lè ru gbogbo ẹrù tí a gbé lé e.

Iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ láti ọwọ́ Ford Foundation. Ìdí tí a fi ṣe é hàn kedere. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kì í kàwé kọjá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá sì jáde níbẹ̀ láìmọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, láìmọ Yorùbá kọ dáadáa, ọdún mẹ́fà ti ṣòfò nìyẹn.

Ìlànà rẹ̀ náà ṣe kedere. A fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, a sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ tí a fi wọ́n wé gba ẹ̀kọ́ ní Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà ni a yí padà sí Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ìṣe ìgbà náà. A kọ ìwé tuntun fún ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ àti àṣà, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà ni a mú iṣẹ́ náà dé àwọn ilé ẹ̀kọ́ mìíràn. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, nítorí ọmọ ọlọ́mọ ni a fi ń dán ìmọ̀ wò; bí àbá náà bá kùnà, kò sí ẹni tí yóò dá ọdún mẹ́fà padà fún ọmọ náà. Àyẹ̀wò fi hàn pé àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ kò rẹ̀yìn rárá. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ṣùgbọ́n ibi tí àǹfààní náà dé ní ààlà. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà ti ọdún 1977 gba èdè abínibí láyè ní ìbẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe fún ọdún mẹ́fà. Ní ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ tó fọwọ́ sí ọdún mẹ́fà. Ní ọdún 2025 ni ó tún yí ìlànà náà padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ìwádìí lè fi òtítọ́ hàn. Ẹni tí yóò gba òtítọ́ náà, tí yóò pèsè olùkọ́ àti ìwé nígbà tí owó ìrànwọ́ bá tán, ni a gbọ́dọ̀ mọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Benin

Ní 30 oṣù kọkànlá ọdún 1972, ìjọba Kérékou kéde pé a óò gbé èdè orílẹ̀-èdè ga. Ní ọdún 1975, òfin ẹ̀kọ́ tuntun fún àwọn èdè wọ̀nyí ní àyè ní ilé ẹ̀kọ́, a sì fi ọwọ́ sí álífábẹ́ẹ̀tì kan fún wọn. Ní ọdún 1990, ètò ẹ̀kọ́ tuntun náà kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n òfin ìpìlẹ̀ ti oṣù kejìlá ọdún yẹn, ní abala 11, fún ìlú kọ̀ọ̀kan ní òmìnira láti lo èdè rẹ̀ ní sísọ àti ní kíkọ. Iṣẹ́ àwọn àgbàlagbà kò dúró. Ẹ ṣàkíyèsí pé ɛ àti ɔ ni álífábẹ́ẹ̀tì ti 1975 lò níbi tí Nàìjíríà ti ń kọ ẹ àti ọ. Nítorí náà, a kò lè gbé ìwé Ifẹ̀ wá sí Benin kí a sì kà á sí àǹfààní tí ó ti délé.

Ohun tí ó di dandan

Lẹ́yìn ìgbà náà ni àwọn tí ń fúnni lówó ní òkèèrè sọ ìbéèrè yìí di òfin. Ní ọdún 1997, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà fún sáyẹ́ǹsì, NSF, fi àǹfààní àwùjọ ṣe ọ̀kan nínú òṣùwọ̀n méjì tí ó fi ń yẹ àbá wò. Ní ilẹ̀ Bìrìtìkó, láti ọdún 2009, a ní kí olùwádìí kọ ìwé ọ̀tọ̀ lórí ọ̀nà tí àǹfààní yóò gbà dé ọ̀dọ̀ àwùjọ. Ní ọdún 2020 a pa ìwé ọ̀tọ̀ náà rẹ́: a fẹ́ kí ọ̀rọ̀ àǹfààní wà nínú ara iṣẹ́ gan-an, kì í ṣe ní ẹ̀yìn rẹ̀.

Agbègbè Tchaourou

Tchaourou wà ní Borgou, láàrin Savè àti Parakou, lójú ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin. Àwọn Nàgó, àwọn Bàrìbá àti àwọn Fúlàní ni wọ́n jọ ń gbé ibẹ̀. Iṣu, òwú àti kajú wà lára ohun tí wọ́n ń gbìn. Ẹni tí ó bá kọ sínú àbá rẹ̀ pé iṣẹ́ òun «yóò mú ìdàgbàsókè wá» kò tíì sọ nǹkan kan. Kí ó sọ abúlé tí yóò dé: Goro ni tàbí Kika, Alafiarou ni tàbí Tchatchou. Kí ó sọ èdè tí a ń sọ nínú ilé àti èyí tí a ń ná ọjà. Kí ó ka iye ènìyàn tí ó lè ka ohun tí a kọ sórí òṣùwọ̀n òwú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ó tún kà wọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Kí ó sọ ẹni tí yóò máa tọ́jú ìwé ìṣirò ẹgbẹ́ nígbà tí olùwádìí bá lọ, àti ọ̀nà tí èsì yóò gbà padà sọ́dọ̀ àwọn tí ó fún un ní ọ̀rọ̀.

Àgbẹ̀ tí ó fi ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ láti wá jókòó ní kíláàsì ti san owó tirẹ̀ ṣáájú kí àjọ kankan tó san tirẹ̀. Bí ìlérí bá já a kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò ṣòro kí ó tó tún wá. Òun ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ rò nígbà tí a bá ń kọ àbá.