Ẹ̀tọ́ Ara Aláìsàn Ọpọlọ: Ìtàn Ilé Ìwòsàn Láti Mẹ̀dínà Dé Aro

  

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú Ìsìláàmù, iṣẹ́ ìtàn ni wọ́n yàn fún mi nínú ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Ramadan ti ọdún yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ arákùnrin wa kan ni ó tì mí sí ìdí ìtàn náà. Télọ̀ ni. Ó ti lé ní ọdún méjìlá tí àrùn ọpọlọ ti ń bá a fínra, ó sì ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, débi pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń rán aṣọ fún ni kò mọ̀. Ní ọdún tí ó kọjá, òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ẹ́ lọ́nà tí kò ṣe é fẹnu sọ. Á mu omi kẹ́ẹ̀gì tán, á tún béèrè òmíràn. Á dìde tọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹfà tàbí ẹ̀ẹ̀meje lóru. Ó sì ń rù. Àwọn ará ilé ní àrùn ọjọ́sí ni ó tún gba ọ̀nà mìíràn yọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ẹni tí ó wà ní ibi gbígba káàdì ti rí orúkọ oògùn tí ó ń lò, ó ní kí wọ́n mú un padà sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń tọ́jú orí rẹ̀. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì. Kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kan ara rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

N óò padà sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi mí nígbà náà ni ó gbé mi dé ìdí àwọn ìwé ìtàn. Ó ní, "Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹni tí orí rẹ̀ kò balẹ̀ kò ní inú tí ó lè máa run ún ni?"

Anas ọmọ Mālik, tí ó ṣe ìránṣẹ́ fún Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), gba hádíìsì kan wá tí Imam Muslim kó sínú Sahīh rẹ̀. Obìnrin kan wà ní Mẹ̀dínà tí nǹkan wà nínú làákàyè rẹ̀. Ó tọ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun wá pé òun ní bùkátà kan lọ́dọ̀ rẹ̀. Ànábì pè é ní ìyá lágbájá, ó ní kí ó yan ojú ọ̀nà èyíkéyìí tí ó bá wù ú, kí òun lè bá a gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ó sì bá a yà sí ẹ̀bá ọ̀nà kan títí ó fi parí ohun tí ó wá bá. Ẹ kíyè sí i pé orúkọ àpọ́nlé ni ó fi pe obìnrin náà, ó sì gbọ́ ọ dé òpin. Kò rán an padà lọ pe ẹbí rẹ̀ wá kí ó tó dá a lóhùn. Hádíìsì náà kò sọ ohun tí bùkátà ọ̀hún jẹ́ fún wa. Àṣírí obìnrin náà ni.

Àwọn kan lè mú hádíìsì kálàmù wá, èyí tí ó sọ pé wọ́n ti gbé kálàmù kúrò lórí ẹni tí ó sùn títí yóò fi jí, lórí ọmọdé títí yóò fi bàlágà, àti lórí ẹni tí làákàyè rẹ̀ kò sí títí yóò fi padà bọ̀ sípò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ ni kálàmù kò kọ sí i lọ́rùn. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò sí nínú ohun tí wọ́n gbé kúrò. Nínú Súratu Nisā, ẹsẹ̀ 5, níbi tí Ọlọ́hun ti kọ̀ fún wa láti fi dúkìá lé ẹni tí òye rẹ̀ kò pé lọ́wọ́, ibẹ̀ náà ni Ó ti pàṣẹ pé kí a máa bọ́ ọ, kí a máa fi aṣọ wọ̀ ọ́, kí a sì máa bá a sọ̀rọ̀ dáadáa.

Nígbà tí Ìsìláàmù gbilẹ̀, àwọn Mùsùlùmí kọ́ ilé fún àwọn aláìsàn. Bímárísítánì ni wọ́n ń pè é, èdè Páṣíà ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ibùgbé àwọn aláìsàn. Ní nǹkan bí ọdún 872, Ahmad ọmọ Tūlūn, gómìnà Íjíbítì, kọ́ ọ̀kan sí ibi tí ó ti di ara ìlú Kaírò lónìí. Al-Maqrīzī tí í ṣe òpìtàn Íjíbítì kọ bí wọ́n ti ń ṣe níbẹ̀. Bí aláìsàn bá wọlé, wọn óò gba aṣọ àti owó ọwọ́ rẹ̀, wọn óò fi wọ́n pamọ́ sọ́dọ̀ alábòójútó; wọn óò wọ aṣọ mìíràn fún un, wọn óò tẹ́ ibùsùn fún un, wọn kò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ fún oúnjẹ àti oògùn. Ọjọ́ tí ó bá lè jẹ adìyẹ kan pẹ̀lú búrẹ́dì kan ni wọn óò gbà pé ara rẹ̀ ti yá, wọn óò sì dá ẹrù rẹ̀ padà fún un.

Àwọn aláìsàn ọpọlọ wà nínú ilé kan náà. Ní ọjọ́ Jímọ̀ ni Ahmad máa ń lọ yẹ àwọn aláìsàn wò. Ní ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n dè ké pè é, ó ní òun kì í ṣe wèrè, ó ní èso rúmánì ńlá kan ni ó wu òun. (Rúmánì ni èso pupa roboto tí Ọlọ́hun dárúkọ nínú Súratu Rahmān.) Ahmad ní kí wọ́n wá a fún un. Ọkùnrin náà gbà á, ó gbé e wò lọ́wọ́, ó sì sọ ọ́ lu gómìnà láyà, omi èso náà sì ta sí i láṣọ. Láti ọjọ́ náà ni Ahmad kò ti dé ibẹ̀ mọ́. Mo máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá kà á. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi ìdè tí ó wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà pamọ́ nítorí pé Mùsùlùmí ni ó kọ́ ilé. Wọ́n de àwọn kan nínú wọn. Síbẹ̀, abẹ́ òrùlé tí dókítà, oúnjẹ àti ilé ìwẹ̀ wà ni wọ́n wà.

Ìlú Kaírò kan náà ni Súlútáànì Qalāwūn kọ́ ilé ìwòsàn ńlá tirẹ̀ sí ní 1284. Inú rírun ni ó mú un ní Damásíkù, oògùn ilé ìwòsàn tí Nūr al-Dīn dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1154 ni ó wò ó sàn, ó sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun náà yóò kọ́ ọ̀kan. Wákàfù ni ó fi ṣe, fún ọlọ́lá àti tálákà, ọkùnrin àti obìnrin, onílé àti àlejò. Àyè wà níbẹ̀ fún oní-ibà, fún ẹni tí ojú ń dùn, fún ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún, fún ẹni tí ó ń ṣu, àti fún ẹni tí làákàyè rẹ̀ dàrú.

Ta ni ó kọ́ wọn pé ara àti ọpọlọ kò ṣe é yà? Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ kedere jù lọ ni Abū Zayd al-Balkhī, tí ó kú ní 934. Ìwé rẹ̀ ni Masālih al-Abdān wal-Anfus, èyí tí a lè túmọ̀ sí ohun tí ó ń ṣe ara àti ẹ̀mí ní àǹfààní. Apá kìíní jẹ́ ti ara, apá kejì jẹ́ ti ẹ̀mí. Ó bá àwọn dókítà ayé rẹ̀ wí pé ara nìkan ni wọ́n gbájú mọ́, nígbà tí ó jẹ́ pé àìsàn ọ̀kan a máa ran èkejì. Ẹ̀dùn ọkàn mi ni pé àṣìṣe tí al-Balkhī rí ti yí padà bìrí ní ayé tiwa: bí àwọn olùtọ́jú kan bá ti gbọ́ pé ọpọlọ ń ṣe ènìyàn, ọpọlọ náà nìkan ni ojú wọn ń rí.

Ẹ jẹ́ kí a wá wálé. Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yorùbá ti ń fi gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ wo wèrè láti ayébáyé. Ní 1952, àwọn onímọ̀ yọ èròjà reserpine láti ara igi kan ní Íńdíà tí ó jẹ́ ẹbí asofẹ́yẹjẹ. Ó wà nínú asofẹ́yẹjẹ tiwa náà. Wọ́n lo èròjà kan ṣoṣo yìí fún wèrè, wọ́n sì lò ó fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Igi tí ó ń tu ọpọlọ lójú ni ó ń fa ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Ẹni tí a bá rọ àgbo rẹ̀ fún jù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè wálẹ̀ kọjá bí ó ti yẹ, kí ó sì dákú. Àwọn tí ó yí i ká yóò sì máa sọ pé àrùn rẹ̀ ni.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ilé fún àwọn alárùn ọpọlọ sí Kàlàbá ní 1904, wọ́n kọ́ òmíràn sí Yábàá ní 1907. Ibi ìpamọ́ ni wọ́n, wọn kì í ṣe ibi ìwòsàn. Ohun tí ó jẹ ìjọba lógún ni pé kí wèrè má máa rìn ní ìgboro. Ní 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí a bí ní 1923, gba ọ̀nà mìíràn ní Aro. Ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí abúlé tí ó wà ní àyíká ilé ìwòsàn. Ìbátan kan ní láti bá aláìsàn wá, tí yóò máa sè fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Àwọn ará abúlé gba owó ilé, wọ́n sì rí omi ẹ̀rọ àti ṣáláńgá. Àwọn ènìyàn máa ń yin ètò yìí nítorí ìfọ̀kànbalẹ̀ tí ó mú wá. Ohun tí èmi rí nínú rẹ̀ ni ìbátan náà. Ẹni tí ó ń sè fún ènìyàn ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ pé kò jẹun, pé ó ń rù, pé omi tí ó ń mu ti pọ̀ jù, òun ni yóò sì lè bá a fọhùn níwájú dókítà. Lambo di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé láti 1973 sí 1988. Ó kú ní 2004.

Kì í ṣe òyìnbó nìkan ni ó ń pa ènìyàn mọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá wọ ilé kan ní Rigasa, ní ìlú Kàdúná, wọ́n sì kó àwọn ọkùnrin àti ọmọdékùnrin tí ó lé ní 300 jáde. Ẹ̀wọ̀n wà lẹ́sẹ̀ àwọn mìíràn, àpá sì wà lára wọn. Orúkọ ilé kéwú ni wọ́n fi bo ilé náà. Àwọn òbí ni ó mú ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ síbẹ̀ pé kí wọ́n bá wọn tún un ṣe. Ẹ̀sìn wa kò ní ọwọ́ nínú èyí, ṣùgbọ́n àwa ẹlẹ́sìn ní.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ọjọ́ ayé àwọn tí ó ní àrùn ọpọlọ líle máa ń fi ọdún mẹ́wàá sí ogún kúrú ju ti àwọn yòókù lọ, àti pé àìsàn ara tí ó ṣe é tọ́jú ni ó ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn: àrùn ọkàn, àtọ̀gbẹ, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró. Ìwádìí kan tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2000 fi hàn pé bí ọkàn bá kọlu ẹni tí ó ní àrùn ọpọlọ, kì í tètè rí iṣẹ́ tí ó ń la iṣan ọkàn gbà bí ẹlòmíràn. Ní ilẹ̀ tí ilé ìwòsàn pọ̀ sí nìyẹn o. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan nínú oògùn ọpọlọ òde òní a máa mú ènìyàn sanra, wọ́n a sì máa gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sókè. Láti 2004 ni àwọn ẹgbẹ́ dókítà ní Amẹ́ríkà ti fẹnu kò pé ẹni tí ó bá ń lò wọ́n ní láti máa gun ìwọ̀n, kí wọ́n máa wọn ìfúnpá rẹ̀, kí wọ́n sì máa yẹ ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Mo rọ̀ yín kí ẹ má ṣe torí èyí kó oògùn dànù. Ẹ béèrè fún àyẹ̀wò náà. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, èyí tí ó dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn aláìsàn wọ̀nyí. Òfin ti wà nìyẹn. Káàdì sì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà.

Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ̀gbọ́n arákùnrin wa gbé e lọ sí ibòmíràn. Kí ẹnikẹ́ni tó ka káàdì rẹ̀, ó ka iye kẹ́ẹ̀gì omi tí àbúrò rẹ̀ ń mu fún nọ́ọ̀sì, ó sọ iye ìgbà tí ó ń tọ̀ lóru, ó sì na ṣòkòtò rẹ̀ tí kò dúró ní ìdí mọ́ sókè. Nọ́ọ̀sì náà gún un ní ìka, ó fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí ẹ̀rọ. Ṣúgà rẹ̀ ti kọjá ohun tí ẹ̀rọ kékeré náà lè kà. Wọ́n dá a dúró, wọ́n fa omi sí i lára, dókítà ibẹ̀ sì kọ̀wé sí dókítà tí ń tọ́jú ọpọlọ rẹ̀, wọ́n sì jọ pààrọ̀ oògùn rẹ̀ kan.

Ó ti padà sí ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ní Ramadan yìí, àwọn dókítà méjèèjì ní kí ó má gba àwẹ̀. Ó dùn ún púpọ̀, ó tilẹ̀ bi mí bóyá orí rẹ̀ ni wọ́n wò tí wọ́n fi yọ ọ́ sílẹ̀. Mo ní rárá, ṣúgà ni, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti sọ fún alágbẹ̀dẹ tí ó wà ní òdìkejì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Lójoojúmọ́ ni ó ń bọ́ mìsíkínì kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó sì ń sè é.