Ẹlẹ́rìí Ogun Bọ́mà láti Emùré-Ilé

Lọ́dún 1938, àwọn tó ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ kan àwọn orí idẹ nínú ilẹ̀. Ohun tí àwọn àgbà ti ń fẹnu sọ tipẹ́, pé ìlú ọlọ́ba ni Ifẹ̀ láti ayébáyé, ilẹ̀ wá jẹ́rìí sí i. Irú òṣùwọ̀n yẹn náà, kí ẹ̀rí mìíràn wá jẹ́rìí sí ohun tí ẹnu sọ, ni mo fẹ́ fi wọn ìtàn Isaac Fadoyebo, sójà Ogun Àgbáyé Kejì, nítorí mo gbà pé lórí ọ̀rọ̀ sójà tó fara gbọgbẹ́, ẹ̀rí ẹni tí ìbọn bà lágbára ju ìwé ọ̀gágun lọ.

Emùré-Ilé, nítòsí Ọ̀wọ̀, ni wọ́n ti bí i. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ sójà l'Ábẹ́òkúta ní 1942. Iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ni wọ́n kọ́ ọ, kó tó bá Dìfíṣọ̀n 81 ti ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Bọ́mà, níbi tí ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bí 90,000 ti sìn. Lóṣù Kẹta 1944, àwọn sójà Jàpáànù ká wọn mọ́ etí odò Kaladan. Ìbọn fọ́ egungun itan rẹ̀, ọta mìíràn bà á níkùn. Òun àti Sájẹ́ǹtì David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, wà nínú igbó, wọn ò lè rìn. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan tó ń jẹ́ Shuyiman ló ń gbé oúnjẹ wá fún wọn, nígbà tó yá ó kó wọn pamọ́ sínú ilé ara rẹ̀. Bí ọwọ́ àwọn Jàpáànù bá tẹ̀ wọ́n níbẹ̀, tọkọ taya tọmọ ni ìyà náà ìbá kàn. Oṣù Kejìlá ni àwọn ọmọ ogun Gurkha tó dé wọn lọ́dọ̀.

Fadoyebo padà sílé, ó ń tiro títí ọjọ́ ayé rẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ ìjọba l'Ékòó ní ilé iṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ní 1999 ni Yunifásítì Wisconsin l'Amẹ́ríkà tẹ ìwé tó kọ jáde.

Ẹnìkan lè ní ìrántí àgbà kì í pé, pé ohun tí èèyàn kọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ti lè ní àfikún nínú. Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2011 fi ṣe pàtàkì. Oníròyìn Barnaby Phillips mú lẹ́tà Fadoyebo lọ sí abúlé Shuyiman ní Bọ́mà. Shuyiman ti kú, ṣùgbọ́n ìdílé rẹ̀ ṣì rántí sójà dúdú méjèèjì. Àwọn tí kò ka ìwé rẹ̀ rí ni wọ́n sọ ohun tí ìwé sọ.

Àtakò kejì ló nira jù: ẹni tí orí yọ kò lè ṣojú àwọn tó kú. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, oríire ló fi ṣe àkọlé ìwé rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ti gbọ́ bí àwọn tó gbọgbẹ́ ṣe ń kú létí odò náà, àti ẹni tó bọ́ àwọn tó kù. Ìwé ọ̀gágun ò lè sọ ìyẹn, torí àwọn ọ̀gágun ò sí níbẹ̀.