Cruel (ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì)

Cruel jẹ́ ọ̀rọ̀ àpèjúwe nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a ń lò fún ẹni tí ó ń mọ̀ọ́mọ̀ fi ìyà jẹ ènìyàn tàbí ẹranko, àti fún ìwà tàbí ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó ń fa ìrora. Nínú èdè Yorùbá, ìkà, òṣìkà, òǹrorò, ọ̀dájú àti aláìláàánú ni ó súnmọ́ ọn jù. Èdè Túrkì kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó lè dúró fún un níbi gbogbo. Zalim, acımasız, gaddar, merhametsiz àti insafsız ni àwọn ìwé atúmọ̀ èdè sábà máa ń tò síwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ wọn kò dọ́gba.

Orírun

Crudelis ti èdè Látìnì ni cruel ti ṣẹ̀ wá. Ara crudus ni a ti ṣẹ̀dá crudelis, ìyẹn ohun tútù tí a kò sè, bí ẹran tí ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ó gba inú èdè Faransé àtijọ́ kọjá kí ó tó dé inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kẹtàlá. Crude, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe epo rọ̀bì tí a kò tíì fọ̀, jẹ́ ìbátan rẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ Túrkì

Zalim wá láti inú èdè Lárúbáwá, níbi tí zulm ti túmọ̀ sí àìṣòdodo. Nítorí náà, ẹni tí ó ní agbára tí ó sì fi ń tẹ ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn mọ́lẹ̀ ni ó bá jù: ọba, ìjọba, ọ̀gá. Mazlum ni ẹni tí a ṣe àìdára sí. Àwọn olórin àti akéwì Túrkì tún máa ń pe olólùfẹ́ tí kò dáni lóhùn ní zalim, wọ́n sì ń pe àyànmọ́ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Acımasız jẹ́ ọ̀rọ̀ Túrkì pọ́ńbélé. Acı ni ohun kíkorò, ohun títa lẹ́nu tàbí ìrora. Acımak ni kí ohun kan máa dunni, tàbí kí a ṣàánú ẹni. Àfòmọ́ ìparí -sız ń ṣe iṣẹ́ tí àì- ń ṣe nínú àìláàánú, àfi pé ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni ó ń dúró sí. Acımasız ni ó wúlò jù lójoojúmọ́: ọmọdé tí ń fa ìyẹ́ eṣinṣin tu yẹ fún un ju zalim lọ. Merhametsiz súnmọ́ ọn, ṣùgbọ́n merhamet, àánú, wá láti inú gbòǹgbò Lárúbáwá kan náà tí ó wà nínú orúkọ Rahman àti Rahim.

Gaddar lè ṣi ẹni tí ó ti kọ́ èdè Lárúbáwá ní ilé-kéú lọ́nà. Ọ̀dàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà jẹ́ nínú èdè Lárúbáwá. Àwọn Túrkì fi ti ọ̀dàlẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì mú ti ìkà. Insafsız fẹ́rẹ̀ẹ́ jù wọ́n lọ, nítorí insaf jẹ mọ́ pípín nǹkan dọ́gba, oníṣòwò tí ó gbówó lé ọjà kọjá ààlà pàápàá ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Hunhar, láti inú èdè Páṣíà, túmọ̀ sí amùjẹ̀. Inú ìròyìn ìpànìyàn ni a ti sábà máa ń rí i.

Nínú òfin

Ibí ni àṣìtumọ̀ ti lè pa ènìyàn lára. Abala 5 Ìkéde Káríayé fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti ọdún 1948 ka ìfìyàjẹni tí ó jẹ́ cruel léèwọ̀, zalimane sì ni ẹ̀dà Túrkì lò. Zalim ń ṣàpèjúwe ènìyàn, ṣùgbọ́n zalimane, tí ó ní àfòmọ́ Páṣíà, ń ṣàpèjúwe ìwà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó wà nínú orúkọ tí àwọn Túrkì fún Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ọdún 1984 lórí ìdálóró. Ògbufọ̀ tí ó bá kọ acımasız sínú ìwé ẹjọ́ tí ó dá lórí àdéhùn yìí kò purọ́, ṣùgbọ́n ó ti já okùn tí ó so ẹ̀sùn náà mọ́ òfin. Ní ìdàkejì, Abala 3 Àdéhùn Yúróòpù ti ọdún 1950 kò ní cruel nínú rárá, eziyet ni Abala 17 Òfin Ìpìlẹ̀ Túrkì ti ọdún 1982 sì fi sí ẹ̀gbẹ́ ìdálóró.

Òfin 5199 ti ọdún 2004, tí ó wà fún ààbò ẹranko, lo acımasız àti zalimce papọ̀ ní Abala 14 láti ka ìwà ìkà sí ẹranko léèwọ̀.

Àwọn ìlò mìíràn

Bí cruel bá bá ojú ọjọ́ lọ, sert, tí ó túmọ̀ sí líle, ni ó tọ́ fún ìgbà òtútù. Àìsàn burúkú ń gba amansız, pàápàá nígbà tí àwọn ènìyàn kò fẹ́ dárúkọ jẹjẹrẹ. Òótọ́ tí ó jẹ́ cruel sábà máa ń di acı gerçek, òótọ́ kíkorò. Ọ̀rọ̀-orúkọ cruelty lè di zulüm, gaddarlık tàbí acımasızlık, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ àpèjúwe tí a bá yàn.