Ìdí tí pikọ́ọ̀pù fi ń mu epo ju ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀ lọ

Ọ̀kan pàtàkì lára ohun tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàrin ọlọ́kọ̀ àti awakọ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ epo. Ọlọ́kọ̀ yóò ra Hilux, wọn yóò sì sọ fún un níbi tó ti rà á pé lítà epo kan yóò gbé e rin kìlómítà 10. Òun náà yóò jókòó, yóò ṣírò owó epo Èkó sí Ìbàdàn, yóò sì kà á lé awakọ̀ lọ́wọ́. Kí ọkọ̀ tó dé ibi tó ń lọ, iná epo ti tàn nínú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọ̀rọ̀ di "ta lo ta epo fún?" Awakọ̀ yóò máa búra, ọ̀gá rẹ̀ kò ní gbà á gbọ́. Àwọn awakọ̀ kan wà tó jẹ̀bi lóòótọ́, tí wọ́n ń fa epo sínú kẹ́ẹ̀gì lóru. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí wọn kò mọwọ́ mẹsẹ̀, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn nítorí pé ọ̀gá wọn gba òǹkà inú ìwé ọkọ̀ gbọ́ bí ẹni gba ìwé mímọ́ gbọ́. Òǹkà náà kì í ṣe irọ́. Ibi tí wọ́n ti ṣe ìdánwò rẹ̀ ni kò jọ ojú ọ̀nà ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí epo ṣì pọ́ọ́kú, irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ká ọ̀pọ̀ ènìyàn lára. Kí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú tó kéde lọ́jọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, lítà bẹntiróòlù kan kò tó N200 ní àwọn ilé epo NNPC ní Èkó. Kí oṣù náà tó parí, ó ti di N488. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti di N998. Táǹkì Hilux tuntun ń gba lítà 80. Ẹni tí owó tó fi ń kún un tẹ́lẹ̀ kò tó N16,000 wá ń san N79,840. Èkó sí Ìbàdàn kò ju nǹkan bí kìlómítà 128 lọ. Ọkọ̀ tó ń rin kìlómítà 10 lórí lítà kan yóò mu nǹkan bí lítà 13 dé ibẹ̀. Èyí tó ń rin kìlómítà 7 yóò mu ju 18 lọ. Ní iye owó oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì lé ní N5,000, àlọ nìkan ni ìyẹn, kò ì kan àbọ̀.

Ní Amẹ́ríkà, òfin ti mú un lé àwọn tó ń ta ọkọ̀ tuntun lọ́rùn láti lẹ òǹkà epo mọ́ gíláàsì ọkọ̀ kí oníbàárà lè rí i. EPA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ààbò àyíká níbẹ̀, ló ń bójú tó ìdánwò náà. Wọn kì í wa ọkọ̀ jáde sí títì. Inú yàrá ni wọ́n ti ń gbé táyà rẹ̀ lé orí ìlù irin tó ń yí, tí awakọ̀ ń tẹ̀ lé ìlànà tó hàn lójú ẹ̀rọ kan níwájú rẹ̀: sáré níbí, rọra níbí, dúró níbí. Bí a bá pín eré ìdánwò ti ìgboro dọ́gba, kìlómítà 34 láàrin wákàtí kan ni. Ti òpópónà márosẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 77, ibi tó sì sáré dé jù kò tó 97. Ta ló ń fi 77 wa Hilux ní márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn bí ọ̀nà bá là?

Àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn ráhùn pé èsì náà ti dára jù. Láti orí àwọn ọkọ̀ ọdún 1985, EPA bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú èsì ti ìgboro, àti ìdá 22 kúrò nínú ti márosẹ̀, kí wọ́n tó gbé e jáde. Ìyẹn náà kò tó. Láti orí àwọn ọkọ̀ ọdún 2008 ni wọ́n ti wá fi ìdánwò mẹ́ta mìíràn kún un, ọ̀kan fún eré àsápajúdé, ọ̀kan fún ooru tó tó ìwọ̀n 35 pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù, ọ̀kan fún òtútù. Ilẹ̀ Yúróòpù ní tiwọn pẹ́ kí wọ́n tó ṣe àtúnṣe. Ọdún 2017 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlànà tuntun tí wọ́n ń pè ní WLTP rọ́pò NEDC àtijọ́, nítorí pé èsì NEDC ti jìnnà jù sí ohun tí àwọn ènìyàn ń rí nílé epo. Ẹni tó bá ra pikọ́ọ̀pù tokunbo láti ibẹ̀, tó sì ń lo ìwé tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn, òǹkà tó dùn ju ti Amẹ́ríkà lọ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọn kì í ta Hilux ní Amẹ́ríkà. Tacoma ni Toyota ń tà fún wọn láti ọdún 1995. Síbẹ̀, èsì ibẹ̀ wúlò fún onílé-Hilux níhìn-ín, nítorí pé ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù oní-lítà 2.7 tí wọ́n ń pè ní 2TR-FE, èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ Hilux tó ń rìn ní Nàìjíríà, náà ló wà nínú Tacoma tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kéré títí dé ti ọdún 2023. Tacoma ọdún 2016 tó ní ẹ́ńjìnnì yìí, onígíà ọtomátíìkì, tí agbára ẹ́ńjìnnì ń dé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gba máìlì 19 lórí gálọ́ọ̀nù kan nígboro, 22 ní márosẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 20. Máìlì 20 lórí gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà jẹ́ kìlómítà 8.5 lórí lítà kan. Èyí túmọ̀ sí pé kìlómítà 10 tí oníṣòwò ọkọ̀ fi dá ọlọ́kọ̀ lójú, ẹ́ńjìnnì yìí kò rí i mú jáde nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ EPA, níbi tí kò ti sí gálọ́ọ̀pù, tí kò sì sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Ohun tó tún yani lẹ́nu ni pé Tacoma ọdún kan náà tó ní ẹ́ńjìnnì V6 oní-lítà 3.5 gba 18 nígboro, 23 ní márosẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ náà sì jẹ́ 20. Ẹ́ńjìnnì kékeré nínú ọkọ̀ tó wúwo kò fi bẹ́ẹ̀ dín owó epo kù, nítorí pé ó ní láti máa fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣiṣẹ́ níbi tí ńlá ti ń rọra mí.

Ẹni tó bá sì ń ka irú òǹkà báyìí gbọ́dọ̀ mọ gálọ́ọ̀nù tí wọ́n ń sọ. Ti Amẹ́ríkà kò tó lítà 3.8, ti Gẹ̀ẹ́sì lé ní 4.5, kẹ́ẹ̀gì tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní gálọ́ọ̀nù sì jẹ́ lítà 4. Ọkọ̀ tó ń rin máìlì 20 nínú ìwé Amẹ́ríkà ni yóò di 24 nínú ìwé Lọ́ńdọ̀nù, láìjẹ́ pé ohunkóhun yí padà lára rẹ̀.

Níbo wá ni epo ń lọ? Iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára sọ pé nínú agbára tó wà nínú bẹntiróòlù, ìdá 12 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló ń dé ìdí táyà. Èyí tó pọ̀ jù ń di ooru lásán. Díẹ̀ tó ṣẹ́ kù yìí ni pikọ́ọ̀pù fi ń bá afẹ́fẹ́ jà. Iwájú rẹ̀ ga, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Bí eré bá ti ń pọ̀ sí i ni afẹ́fẹ́ ń le sí i, kì í sì í ṣe ní dọ́gbadọ́gba: ọkọ̀ tó kúrò lórí 80 bọ́ sórí 120 kò fi ju ìdajì lọ kún eré rẹ̀, ṣùgbọ́n ipá tí afẹ́fẹ́ fi ń tì í sẹ́yìn ti ju ìlọ́po méjì lọ. Àwọn awakọ̀ kan gbà pé bí àwọn bá ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀, afẹ́fẹ́ yóò rí ọ̀nà gbà, epo yóò sì dín. Ìdánwò ti fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìlẹ̀kùn bá wà ní títì, afẹ́fẹ́ tó kó sínú ibi ìkẹ́rù yóò máa yí po lójú kan, ti òkè yóò sì máa yọ̀ kọjá lórí rẹ̀.

Nígboro, afẹ́fẹ́ kọ́ ni ọ̀tá. Ìwúwo ni, àti ìdúró. Pikọ́ọ̀pù oníyàrá méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù 2, epo ló sì ń tì í títí tó fi gbéra. Bí ó bá gbéra tán tí awakọ̀ sì tẹ búrékì, gbogbo epo tó fi sáré yẹn ti di ooru ara búrékì. Ẹni tó bá mọ Ọjọ́ta àti Berger ní aago méje àárọ̀ mọ iye ìgbà tí èyí ń ṣẹlẹ̀ láàrin kìlómítà kan. Bí ọkọ̀ bá tilẹ̀ dúró gbagidi, tí ẹ́ńjìnnì àti amúlétutù ń ṣiṣẹ́, ó lè mu tó lítà kan láàrin wákàtí kan. Èyí wà lára ohun tó ń mú kí ọkọ̀ ọlọ́pàá àti ti Àmọ̀tẹ́kùn máa jẹ epo: irin àti bẹ́ńṣì ẹ̀yìn, àwọn ènìyàn tó jókòó lé e, àti ẹ́ńjìnnì tí kì í kú fún wákàtí púpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

Ẹsẹ̀ awakọ̀ náà ní ipa tó ń kó. Òǹkà ìjọba Amẹ́ríkà fi hàn pé ìwàkuwà lè dín ìrìn lítà kan kù ní ìdá 15 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún ní márosẹ̀, àti ìdá 10 sí 40 nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Amúlétutù nínú ooru gbígbóná, pàápàá fún ìrìn àjò kúkúrú, lè mú ju ìdá 25 lọ. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ lọ sílẹ̀ kò burú tó bí àwọn fọkanáísà ṣe máa ń sọ. Bí gbogbo táyà bá fi òǹkà 10 dín lójú aago wọn, nǹkan bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ni epo tó ń lọ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewu pé táyà lè bẹ́ tó ìdí láti fẹ́ ẹ. Ti ẹrù kò nílò àlàyé gígùn: àpò sìmẹ́ǹtì 20 jẹ́ tọ́ọ̀nù kan, ẹni tó bá kó o sẹ́yìn Hilux ti gbé ìdajì ìwúwo ọkọ̀ náà gùn ún.

Àwọn kan á ní kí ènìyàn ra oní-dísù. Lóòótọ́, Chevrolet Colorado oní-dísù ọdún 2016 gba 23 ní àpapọ̀ lọ́dọ̀ EPA, níbi tí V6 rẹ̀ oní-bẹntiróòlù ti gba 20, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n èrè náà dúró lórí iye tí wọ́n ń ta dísù. Lọ́dún 2022, dísù kọjá N700 ní Nàìjíríà nígbà tí bẹntiróòlù kò tí ì tó N200, àwọn onídísù sì jẹ iyán wọn níṣu.

Ọ̀nà láti mọ ohun tí ọkọ̀ kan ń mu gan-an kò le. Kí wọ́n kún táǹkì dé ibi tí ẹ̀rọ ilé epo ti já fúnra rẹ̀, kí wọ́n kọ òǹkà kìlómítà sílẹ̀, kí wọ́n wa ọkọ̀ bí wọ́n ṣe ń wà á lójoojúmọ́, kí wọ́n sì padà sí ilé epo kan náà, ẹ̀rọ kan náà, láti kún un dé ojú ibẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti rin kìlómítà 432, tí ó sì gba lítà 60, 7.2 ni ìrìn lítà kan. Ẹ̀ẹ̀kan kò tó láti fi dájọ́. Bí wọ́n bá ṣe é ní ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí wọ́n ro gbogbo kìlómítà pọ̀, kí wọ́n ro gbogbo lítà pọ̀, kí wọ́n tó pín in. Ẹni tó ti pààrọ̀ táyà 265/65R17 sí 265/70R17 gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kìlómítà 100 lójú aago ti di ju 103 lọ lójú ọ̀nà. Aago ló ń ka ìrìn rẹ̀ dín, epo rẹ̀ kò sì burú tó bó ṣe rò.

Ibi tí ìṣirò yìí ti lè gba awakọ̀ là, tàbí kó tú u fó, ni ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣírò epo nínú dáṣíbọ́ọ̀dù àwọn Hilux tuntun. Ẹ̀rọ yìí kì í wọn epo inú táǹkì. Epo tí wọ́n fọ́n sínú ẹ́ńjìnnì ló ń kà, ó sì máa ń fi ìwọ̀nba díẹ̀ pọ́n ọkọ̀ lé. Bí ẹ̀rọ náà bá sọ pé 7.5, tí ìṣirò ilé epo sì sọ pé 7.2, kò sí olè níbẹ̀. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló jẹ epo náà. Bí ẹ̀rọ bá sọ pé 8, tí ilé epo sọ pé 5.5, epo kan wà tó kúrò nínú táǹkì láìdé ẹ́ńjìnnì, tàbí tí kò wọ inú táǹkì rárá. Kí ọlọ́kọ̀ tó di awakọ̀ lẹ́wù mú, kí òun fúnra rẹ̀ bá ọkọ̀ lọ kún epo ní ilé epo mìíràn, kó sì jókòó sínú rẹ̀ títí tí wọn yóò fi tún un kún. Bí òǹkà méjèèjì bá wá súnmọ́ra, ẹ̀rọ ilé epo àkọ́kọ́ náà wà lára àwọn tó yẹ kó fura sí. Èyí tó bá sì kọ lítà 90 fún táǹkì oní-80 tí epo ṣì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ti tú ara rẹ̀ fó. NMDPRA, iléeṣẹ́ ìjọba tí òfin epo rọ̀bì ọdún 2021 dá sílẹ̀ láti máa mójú tó ilé epo, ló láṣẹ láti tì í pa.