Bíríkì Eérú Ìlú Lọ́ńdọ́ọ̀nù

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé òde òní ni ọmọ aráyé ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi pàǹtí ṣe bíríkì. Ìtàn kò gbà bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ilé àtijọ́ aláwọ̀ ìyeyè tó ṣì dúró ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù lónìí, eérú ààtàn wà lára bíríkì wọn.

Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún àti kọkàndínlógún, èédú ni àwọn ará Lọ́ńdọ́ọ̀nù fi ń dáná, eérú rẹ̀ ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń dà nù. Nígbà náà, àwọn kọngílá ló ń sanwó fún ìgbìmọ̀ àdúgbò kí wọ́n lè rí i kó. Ní ọgbà ààtàn, àwọn obìnrin a máa fi ajọ̀ jọ ọ́ nínú eruku, bí Henry Mayhew ṣe ròyìn rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ní 1851. Wọ́n á po eérú kíkúnná mọ́ amọ̀. Èyí tí kò tíì jóná tán, wọ́n á fi sun bíríkì. Nítorí pé èédú díẹ̀ ṣì kù nínú eérú náà, láti inú ni bíríkì fúnra rẹ̀ ti ń jó, owó èédú sì ń dín kù.

Kí ló wá pa òwò yìí? Eérú pọ̀ ju ohun tí àwọn oníbíríkì lè rà lọ, ó sì di pé ìgbìmọ̀ àdúgbò ló ń sanwó kí wọ́n tó bá a kó o. Láti àwọn ọdún 1880, bíríkì Fletton láti agbègbè Peterborough bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọjà. Amọ̀ ibẹ̀ ní ohun tó ń jó nínú láti ilẹ̀ wá, kò nílò eérú. Ọkọ̀ ojú irin sì ń kó o wọ Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Eérú kò yí padà o. Oníbàárà ló sá lọ.

Lónìí, ike ti rọ́pò eérú. Ní Nairobi, Nzambi Matee ń po ike mọ́ yanrìn, ó ń fi iná yọ́ ọ, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ di bíríkì tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fún un ní àmì-ẹ̀yẹ ní 2020. Ní Èkó tiwa, ike àti ọ̀rá ń dí gọ́tà, àwọn tó ń ṣa wọ́n ní ààtàn Olúsosùn kò sì jìnnà sí ipò àwọn obìnrin onájọ̀ ìjọ́sí.

Ọgbọ́n àtiṣe bíríkì kọ́ ló wọ́n wa, bí kò ṣe ẹni tí yóò rà á. Bí ìjọba bá fẹ́ kí iṣẹ́ yìí fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí ó kọ́kọ́ fi irú bíríkì bẹ́ẹ̀ tẹ́ ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti àgbàlá ilé ìwé. Kí owó gidi sì dé ọwọ́ ẹni tó ń ṣa ike, nítorí pé láìsí aṣàtàn, kò sí bíríkì.