Kọ̀ǹpútà Pẹlẹbẹ àti Ikú Òjijì: Ìtàn Bí Bátìrì Ṣe Di Alábàárìn Rẹ̀

Ikú ò dọ́jọ́, àrùn ò dóṣù, ni àwọn àgbà máa ń wí nípa ọmọ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà gbé ṣẹ pátápátá, kí ó wo ìtàn kọ̀ǹpútà kékeré nì, tí ọpọlọ rẹ̀, iyè-ìrántí rẹ̀ àti ẹnu tí ó fi ń gba iná jókòó sórí pátákó pẹlẹbẹ kan ṣoṣo tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àìsí iná nìkan kì í pa irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ti mọ̀ ṣáájú pé iná ń lọ, yóò palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, yóò sì sùn ní àlàáfíà títí iná yóò fi padà dé. Èyí tí ń ṣekú pa á ni kí iná lọ láìsọ fún un. Bí a ṣe ń wá ẹni tí yóò máa sọ fún un ni ìtàn tí mo fẹ́ pa yìí.

Ní ọdún 1976, nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì jẹ́ ohun tí ẹni tí kò ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ńlá tàbí yunifásítì kì í sábà fojú kàn, ilé-iṣẹ́ MOS Technology ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé KIM-1 jáde ní 245 dọ́là, kí àwọn onímọ̀ lè fi dán ọpọlọ tuntun wò, èyí tí Chuck Peddle àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, tí wọ́n pè ní 6502. Pátákó lásán ni: kò ní àpótí, kò sì ní ẹ̀rọ tí yóò máa fún un ní iná, ẹni tí ó rà á ni yóò lọ wá èyí tí yóò fún un ní fóltì 5. Ẹni tí ó bá jókòó tì í láti àárọ̀, tí ó ń fi ìka tẹ òǹkà sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń wo àwọn nọ́ńbà pupa tí ń tàn lójú rẹ̀, bí iná bá ṣẹ́jú péré, òfo ló dé, àfi bí ó bá ti gba iṣẹ́ náà sílẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí a fi ń gbọ́ orin. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí á ṣe òdodo sí ẹ̀rọ àtijọ́ náà. Iṣẹ́ olówó rẹ̀ ni ó ń sọnù. Òun fúnra rẹ̀ kì í bàjẹ́, nítorí pé inú iyè-ìrántí tí àìsí iná kò lè pa rẹ́ ni wọ́n kọ òfin tí ó fi ń jí sí, àti pé bí iná bá ti dé, bí ó ti wà lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é náà ni yóò ṣe dìde. A ó rí i níwájú pé àwọn àbúrò rẹ̀ kò rí irú oore bẹ́ẹ̀ gbà.

Ọ̀dọ̀ àwọn kọ̀ǹpútà ńlá ni àrùn tí ń bá wọn jà ti wá. Unix, tí àwọn òṣìṣẹ́ Bell Labs bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1969, ní ìwà kan tí ó dára fún eré sísá ṣùgbọ́n tí ó léwu fún ìpamọ́: bí a bá ní kí ó kọ nǹkan sílẹ̀, yóò dáhùn pé òun ti gbọ́, yóò sì tọ́jú rẹ̀ sínú iyè-ìrántí ná, nígbà tí ó bá tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá ni yóò tó lọ kọ ọ́ sórí dísìkì ní ti tòótọ́. Láàrin gbígbọ́ àti kíkọ ni ikú gbé ba sí. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà onímọ̀ fi máa ń tẹ “sync”, àṣẹ pé kí ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ báyìí, lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó pa ẹ̀rọ, àṣà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn gbà láìbéèrè ìdí. Nígbà tí ó di ọdún 2001, ext3, ọ̀nà kan tí a fi ń to fáìlì sórí dísìkì, wọ inú Linux tí ó fìwà jọ Unix, ó sì mú ọgbọ́n mìíràn wá: kọ̀ǹpútà yóò kọ́kọ́ kọ ohun tí ó fẹ́ ṣe sínú ìwé kan kí ó tó ṣe é, bí oníṣòwò tí ń kọ gbèsè sílẹ̀ kí ó tó gbé ọjà fún oníbàárà, tí ó fi jẹ́ pé bí iná bá tilẹ̀ já a lulẹ̀ lágbede-méjì, bí ó bá jí, yóò ka ìwé náà, yóò sì mọ ibi tí òun dé.

Bátìrì ti wà lára pátákó kọ̀ǹpútà tipẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ aago ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Ní 1981, ẹni tí ó bá tan kọ̀ǹpútà IBM ní láti kọ́kọ́ tẹ ọjọ́ àti wákàtí sínú rẹ̀. Ní 1984, PC AT dé pẹ̀lú aago tí bátìrì ń bọ́, ìyà yẹn sì dópin. Olùtọ́jú náà lè di apanirun o. Amiga 500 Plus tí ó jáde ní 1991 ní bátìrì tí wọ́n jó mọ́ pátákó rẹ̀, bí ọdún sì ti ń gorí ọdún, omi oró ń jò láti inú rẹ̀, ó ń jẹ okùn bàbà wẹ́wẹ́ tí ó yí i ká, títí ẹ̀rọ tí ó wá tọ́jú yóò fi kú sí i lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Èrèlé ọdún 2012 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ta Raspberry Pi. Eben Upton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Cambridge ni wọ́n rò ó, nítorí ó ká wọn lára pé àwọn ọmọ tí ń wá kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ń dínkù, àti pé àwọn tí ń wá kò mọ̀ tó àwọn ẹ̀gbọ́n wọn. Kí iye rẹ̀ má bàa kọjá 35 dọ́là, ohun tí wọ́n yọ kúrò lára rẹ̀ kò kéré: kò ní àpótí, kò ní aago tí bátìrì ń bọ́, kò sì ní bọ́tìnnì ìpaná. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ pa á yóò fa wáyà yọ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ṣe kọ́ olówó rẹ̀ ní àṣà tí yóò pa òun gan-an. Ní ti aago, ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé kí ó máa kọ wákàtí sínú fáìlì kan ní wákàtí-wákàtí, tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá kú ní agogo mẹ́ta ààbọ̀ tí ó sì jí lálẹ́, agogo mẹ́ta ni yóò rò pé ó ṣì jẹ́, títí yóò fi rí íntánẹ́ẹ̀tì bi léèrè.

Inú káàdì kékeré bíi ti fóònù ni gbogbo ìmọ̀ Raspberry Pi wà. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ kì í pa ọ̀rọ̀ rẹ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Agbo-agbo ni ó ń pa á rẹ́, ọpọlọ kan tí ó wà nínú rẹ̀ a sì máa kó ọ̀rọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn láìjẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ̀. Bí iná bá lọ nígbà tí ẹrù wà lọ́nà, ohun tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn láti oṣù mẹ́ta lè di ẹni àwátì, ìwé tí ext3 àti àbúrò rẹ̀ ext4 ń kọ kò sì lè ran èyí lọ́wọ́. Iná kò tilẹ̀ ní láti lọ tán. Bí wáyà bá tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí tí ṣájà kò lágbára, tí fóltì 5 tí ó nílò wá sí ìsàlẹ̀ 4.63, iná pupa ara rẹ̀ a máa ṣẹ́jú, àmì mànàmáná kékeré a sì yọ ní igun ojú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń rí àmì náà, wọn kò sì kà á sí.

Ní Cambridge, ó lè pẹ́ kí iná tó lọ. Ní ti àwa, iná mànàmáná ti wọ Èkó kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, ECN, ilé-iṣẹ́ mànàmáná ìjọba, dé ní 1950, wọ́n sì gbé ère Ṣàngó, Ọba Kòso, ọkọ Ọya, èyí tí Ben Enwonwu ṣe, síwájú ilé rẹ̀ ní Marina ní 1964, NEPA jẹ oyè ní 1972, PHCN gbà á ní 2005, wọ́n ta púpọ̀ nínú rẹ̀ fún aládàáni ní 2013, síbẹ̀ “Up NEPA!” ni àwọn ọmọdé ṣì ń pariwo bí iná bá dé. Kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tí a kì bọ ihò iná lára ògiri nílùú wa ń kú lẹ́ẹ̀mejì lórí ọ̀ràn kan: ó kú nígbà tí wọ́n mú iná lọ, ó tún kú nígbà tí a ń pa jẹnẹrétọ̀ láti padà sórí NEPA. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ òkùnkùn, kó má dá òṣùpá lóró. Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn wa kò fi nílò ìwàásù kí wọ́n tó ra bátìrì.

Bátìrì olójé tí Gaston Planté ṣe ní ilẹ̀ Faransé ní 1859 ni bàbá ńlá èyí tí ó wà lábẹ́ inverter wa. Bátìrì lithium-ion tí Sony kọ́kọ́ tà ní 1991 ni ó wà nínú fóònù àti power bank. Power bank tí a kọ 10,000 mAh sí lára lè gbé kọ̀ǹpútà yìí fún bíi wákàtí mẹ́jọ, èyí tí ó tó fún ọ̀pọ̀ òru. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ní àléébù kan tí páálí wọn kì í sọ: nígbà tí a bá ki ṣájà bọ̀ wọ́n, tàbí tí iná ògiri bá lọ, wọ́n máa ń já iná tí wọ́n ń fún ni fún ìdá kan nínú ìṣẹ́jú-àáyá, kí wọ́n tó tún un so. Fóònù kò ní mọ̀ ọ́n lára. Kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ ti kú, ó sì ti tún jí.

Nítorí náà ni àwọn kan fi ṣe pátákó kejì tí ń gun èyí lẹ́yìn, tí ó ń gbé bátìrì, tí ó sì ń fi okùn kan ránṣẹ́ sí i pé iná ògiri ti lọ. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: ìwé àṣẹ kékeré kan nínú kọ̀ǹpútà yóò máa wo okùn náà, bí iná kò bá dé láàrin ìṣẹ́jú tí a dá fún un, yóò kọ gbogbo ohun tó kù sílẹ̀, yóò sì pa ara rẹ̀. Ìṣòro tí ó kẹ́yìn ni ti jíjí. Bí iná bá dé lẹ́yìn tí ó ti sùn, ṣùgbọ́n tí bátìrì kò tíì já iná tí ń wọ ara rẹ̀, yóò wà ní sísùn ni, a ó sì máa rò pé ó ti bàjẹ́. Pátákó tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa gé iná náà pátápátá, a sì tún un fún un. Ní tèmi, bátìrì kékeré tí ń sọ̀rọ̀ sàn ju ńlá tí ó yadi lọ.

Ní ọdún 2023 ni Raspberry Pi 5 jáde, òun ni àkọ́kọ́ nínú ìdílé pátákó wọn tí ó ní bọ́tìnnì ìpaná, tí ó sì ní aago tirẹ̀, ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bátìrì tí yóò máa bọ́ aago náà kò sí nínú páálí. Ẹni tí ó bá rà á ni yóò ra èyíinì lọ́tọ̀.